Àṣìṣe Ìyá Adájọ́

Ìyàwó mi kò kọ́ ọmọ wa ní nǹkan kan rí. Àṣìṣe ló máa ń ṣe. Ọmọ náà ló ń kọ́ ọ.

Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí, torí àwọn tó wá kí mi lẹ́yìn tó kú ń sọ pé ó mọ ọmọ í kọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Alágbàfọ̀ ni. Yàrá kan la ní, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó kọjú sí àgbàlá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bíríkìlà ni èmi. Bí a ṣe pàdé ni pé mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi fún un pé kó bá mi fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo padà wá, ó gbé e fún mi bí mo ṣe gbé e wá, sìmẹ́ńtì gan-an lára ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, aṣọ kọ́ lẹ gbé wá, ògiri ni." Mo tún gbé òmíràn wá lọ́jọ́ kejì. Bó ṣe di ìyàwó mi nìyẹn.

Ilẹ̀kùn àlòkù kan tí mo gbé ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ló fi ṣe tábìlì tó ń lọ aṣọ lé. A gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù, ó tẹ́ aṣọ ìbora sí i, ó fa aṣọ funfun bò ó títí kò fi ní ìwúnjọ kankan. Abẹ́ tábìlì yẹn ni ọmọ wa dàgbà sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da aṣọ tí wọn ò tíì fọ̀ sí. Òkìtì aṣọ oníbàárà ni bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Kápẹ́ńtà ni bàbá tó bí ìyàwó mi. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní nǹkan, wọ́n á mú igi ìwọ̀n dání. Wọ́n á bi ọ́ ní ìbéèrè. Kó o tó dáhùn, igi ti wà lókè. Ó sọ fún mi pé òun máa ń mọ ìdáhùn, ẹnu òun ni kì í là. Ó ní lọ́jọ́ kan bàbá òun ka pákó, wọ́n kà á ṣì, gbogbo àwọn ọmọ rí i, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́. Nígbà tí pákó ò tó, wọ́n ní àwọn ọmọ ló jí i, wọ́n sì na gbogbo wọn.

Nítorí náà, nígbà tí tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ìyàwó mi ní igi ìwọ̀n kankan ò ní wọ ilé òun. Mo ní kí wá ni kí èmi bíríkìlà máa fi wọn ògiri. Ó ní ògiri mi ti wọ́ tẹ́lẹ̀, igi ò ràn án lọ́wọ́.

Ohun tó máa ń ṣe nìyí. Á mú ìbọ̀sẹ̀ dúdú kan, á ní, "Funfun yìí mà dáa o." Ọmọ á yọrí lábẹ́ tábìlì pé dúdú ni. Ìyá ẹ̀ á yí ìbọ̀sẹ̀ náà síbí, á yí i sọ́hùn-ún, á béèrè pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, kó mú funfun wá kí òun rí i. Ọmọ á wọ inú òkìtì aṣọ lọ, á wá a títí á fi rí i. Ìyá ẹ̀ á ka ìbọ̀sẹ̀: "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀rin." Ọmọ á béèrè pé ẹ̀ta dà. Ìyá ẹ̀ á ní ẹ̀ta lọ ra ọṣẹ, ó ń bọ̀. Á ki bọ́tìnnì bọ ihò tí kì í ṣe tiẹ̀, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú ẹni tó ni aṣọ pé ọrùn ẹ̀ ti ṣe wọ́ tó báyìí. Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á tú gbogbo ẹ̀, á tò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Lákọ̀ọ́kọ́, inú bí mi. Mo ní irọ́ ló ń kọ́ ọmọ. Kò tiẹ̀ dá áyọ́ọ̀nù ọwọ́ ẹ̀ dúró.

"Bàbá ọmọ," ó ní, "èyí tí mo bá sọ fún un, tèmi ni. Èyí tó bá fẹnu ara ẹ̀ sọ fún mi, tiẹ̀ ni. Tó bá gbàgbé tèmi, kò ní gbàgbé tiẹ̀."

Mo jókòó, mo jẹun.

Kì í kọ orúkọ sára aṣọ oníbàárà. Òwú ló ń rán sí i nínú, níbi tí kò ti ní hàn, àwọ̀ kan fún ẹnì kan. Òwú pupa ni ti nọ́ọ̀sì, àwọ̀ ewé ni ti awakọ̀ tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa. Kí ọmọ wa tó mọ ojú àwọn oníbàárà, ó ti mọ òwú wọn. Ìyá ẹ̀ á gbé ṣòkòtò awakọ̀ sókè, á ní ó yẹ kó jẹ́ ti nọ́ọ̀sì. Ọmọ á yí ìbàdí ṣòkòtò náà síta, á na òwú sí i lójú.

Bàbá ṣùmékà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá wa ló sọ ọmọ náà ní Adájọ́. Wọ́n kí i lọ́jọ́ kan nírọ̀lẹ́ pé ẹ káàárọ̀. Ó dúró, ó wo ojú ọ̀run dáadáa, ó ní, "Bàbá Ṣùmékà, ẹ jẹ̀bi. Ilẹ̀ ti ń ṣú." Bàbá náà gbé bàtà tí wọ́n ń rán sílẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ lérí.

"Adájọ́, ẹ ṣàánú mi. Mo níyàwó nílé."

Ó ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn gbogbo àgbàlá ń ṣe àṣìṣe. Èmi náà bọ́ sí i. Màá ki ẹsẹ̀ òsì bọ bàtà ọ̀tún, màá wọ́ ẹsẹ̀ wọlé. Ẹjọ́ tèmi máa ń le. Ìyà mi ni pé kí n gbé adájọ́ sí èjìká yí àgbàlá po. Ìyàwó mi di Ìyá Adájọ́. Ó fẹ́ràn orúkọ yẹn. Tí oníbàárà bá pè é ní alágbàfọ̀, á dáhùn. Tí wọ́n bá pè é ní Ìyá Adájọ́, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn.

Mi ò lè sọ ìgbà tí àìsàn tó pa á bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Lọ́jọ́ kan ìyàwó mi pe korobá ní àga. Adájọ́ ní àga kọ́, korobá ni. Ìyá ẹ̀ wò ó, ó wá ní, "Korobá." Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń gba ẹyin lọ́wọ́ ẹlòmíràn. A rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ó di aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún awakọ̀, awakọ̀ gbé e délé kó tó tú u. Ó dá a padà, ó ní òun lè wa ọkọ̀, òun ò lè gún abẹ́rẹ́. Bàbá ṣùmékà ní Ìyá Adájọ́ ti ń fún gbogbo àdúgbò ní ìdánwò báyìí. Ìyá Adájọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní orí ń fọ́ òun. A ní ooru áyọ́ọ̀nù ni. Ó lo oògùn, ó tún lo òmíràn.

Ọmọ náà ń gbádùn ẹ̀. Àṣìṣe pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti àárọ̀ ló ti ń dá ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ tuntun ń wọ ẹnu ẹ̀. Ó ń ṣàlàyé iṣẹ́ tí korobá ń ṣe, ó ń sọ ìdí tí ṣíbí ò fi lè jẹ́ ìyàrun. Mo ń sọ ọ́ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ mi pé ẹ wá gbọ́ ẹnu ọmọ mi. Mo ní ìyá ẹ̀ ló mọ bó ṣe ń ṣe é.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, mo wà nílé. Mò ń jẹun lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ìyàwó mi ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan. Adájọ́ jáde lábẹ́ tábìlì, ó gbé wáyà áyọ́ọ̀nù sókè. Wáyà náà ò sí lára iná. Ó ní, "Màámi, kò gbóná. Ẹ jẹ̀bi." Ìyá ẹ̀ ń lọ aṣọ náà lọ. Ojú kan náà ló ń lọ̀, síwá sẹ́yìn. Ó wá gbójú sókè, ó wo ọmọ.

"Àbúrò mi," ó ní, "ṣé bàbá ti dé?"

Adájọ́ ṣubú sínú òkìtì aṣọ, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè dìde. Èmi náà rẹ́rìn-ín, oúnjẹ há mi lọ́fun.

"Èmi kọ́ ni àbúrò yín. Ọmọ yín ni mí."

"Ta ni ọmọ mi?"

Wọn ò bi í ní ìbéèrè tó dùn tó ìyẹn rí. Ó dúró ṣánṣán. Ó ní òun ni. Ó ní òun mọ dúdú, òun mọ funfun, òun mọ òwú nọ́ọ̀sì. Ó ní abẹ́ tábìlì lòun máa ń jókòó sí, pé màámi rèé, bàbá mi nìyẹn, wọ́n ń jẹun.

Ìyàwó mi wò mí. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ẹkún ò sí nínú eré yẹn rí. Mo gbé abọ́ sílẹ̀.

Dókítà tó rí wa nílé ìwòsàn kò dàgbà jù mí lọ. Wọ́n ya àwòrán orí ìyàwó mi. Ó ní nǹkan kan ń hù níbẹ̀, ó ti pẹ́, ó sì ti dé ibi tí ọ̀bẹ ò lè dé. Ó bi mí pé láti ìgbà wo ló ti ń pe nǹkan ní ohun tí kì í ṣe. Mo ní láti ìgbà tí ọmọ wa ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó gbé kálàmù sílẹ̀.

"Ẹ sì jókòó tì í nílé?"

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti ìbọ̀sẹ̀ fún un, mo sọ ti ẹ̀ta tó lọ ra ọṣẹ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo ń gbọ́ bó ṣe máa dún létí ẹni tí kì í gbé ilé wa. Ó fetí sí mi títí mo fi sọ tán. Kò bú mi. Ó kàn ní, ká ní ilé mìíràn ni, wọn ì bá ti rí i tipẹ́.

Wọ́n fún un ní bẹ́ẹ̀dì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìyá tó bí i, tí èmi náà ń pè ní Màmá, wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń bá wa gbé. Eré náà ò dúró. Ìyàwó mi pe omi ní ọṣẹ, Adájọ́ ní omi ni. Ó pe ìrọ̀rí ní búrẹ́dì, Adájọ́ ní ìrọ̀rí ni, wọn kì í jẹ ẹ́. Tí ìyá ẹ̀ bá sì ti gba ọ̀rọ̀ náà padà lẹ́nu ọmọ, ó máa ń dúró sí i lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀. Á béèrè omi, wọ́n á fún un ní omi. Mo ń rí i. Ohun tí mo ń rí ò tíì yé mi.

Kò dùn mọ́ Màmá nínú. Wọ́n jókòó sórí àga onírin, wọ́n ń gbọ́ tí ọmọ kékeré ń sọ fún ìyá ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn pé ẹ jẹ̀bi. Wọn ò jágbe mọ́ ọn. Wọ́n fà á mọ́ra.

"Olówó orí mi, má tún ọ̀rọ̀ màmá ẹ ṣe mọ́. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Tó o bá ń tún un ṣe, ẹkún ni wọ́n máa ń sun. Ohun yòówù kí wọ́n wí, kó o ní bẹ́ẹ̀ ni."

Adájọ́ rántí ẹkún yẹn. Ojú ẹ̀ ló ṣe. Ó gbà.

Lọ́jọ́ kejì ìyàwó mi nàka sí fèrèsé, ó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Adájọ́ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi." Ìyàwó mi ò sọ ìka ẹ̀ kalẹ̀. Ẹnu ọmọ ló ń wò. Ó ń dúró. Ó tún wí pé ilẹ̀kùn. Ọmọ náà wo Màmá, ó wò mí, ó tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìka náà rọra sọ̀kalẹ̀ sórí aṣọ ìbora.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Inú kànga ni ìyàwó mi wà, ọmọ yẹn ló ń fa okùn fún un látòkè, àwa àgbà ti ní kó jọ̀wọ́ ẹ̀. Mo ní, "Adájọ́, sọ fún wọn. Sọ pé fèrèsé ni." Ó mirí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Èmi fúnra mi sọ fún ìyàwó mi pé fèrèsé ni. Kò tiẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó yí ojú sí ògiri.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ń dín kù, títí kò fi sí mọ́. Kò pẹ́ sígbà yẹn tó kú.

Aṣọ ṣì kún abẹ́ tábìlì. Àwọn oníbàárà ń wá mú tiwọn, ojú ń tì wọ́n láti béèrè. Adájọ́ nìkan ló mọ òwú gbogbo wọn tán. Mo bi í pé èwo ni ti awakọ̀. Ojú mi ló ń wò, ó ń wá èyí tí mo fẹ́ gbọ́. Mo gbé ọ̀kan, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé òmíràn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú òkìtì náà fúnra ẹ̀.

Bàbá ṣùmékà náà gbìyànjú. Wọ́n kí i nírọ̀lẹ́ pé ẹ káàárọ̀. Ó dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Wọ́n tẹ orí ba bàtà tí wọ́n ń rán, wọn ò gbé e sókè títí mo fi mú un wọlé.

Èmi ń ṣe é lójoojúmọ́. Tí mo bá dé, sìmẹ́ńtì á ṣì wà lápá mi, màá mú ìbọ̀sẹ̀ dúdú. Funfun yìí mà dáa o. Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi. Màá kà á: ọ̀kan, èjì, ẹ̀rin. Màá dúró. Kò ní béèrè ẹ̀ta. Ibi tó ṣófo yẹn á dùn mí títí èmi fúnra mi á fi sọ ọ́. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe bí ìyá ẹ̀. Tí ìyá ẹ̀ bá ń ṣe é, wàá rò pé kò mọ̀ lóòótọ́. Tèmi, ọmọ náà ń rí i lójú mi pé mò ń bẹ̀ ẹ́ ni.

Mo wá jókòó tì í, mo sọ ọ́ ní tààrà. Mo ní kó máa tún ọ̀rọ̀ wa ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn nílé wa mọ́. Ó rò ó.

"Tí mo bá tún un ṣe, ṣé ẹ ò ní sunkún?"

Mo ní mi ò ní sunkún. Ojú ti ń ta mí kí n tó sọ ọ́ tán. Ó rí i.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí.

Mo fi í sí iléèwé àwọn ọmọ kéékèèké tó wà nítòsí ibi tí a ti ń kọ́lé. Olùkọ́ ibẹ̀ ṣèèyàn, ó fẹ́ràn ẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọmọ dáadáa ni, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò tíì mọ àwọ̀, kò tíì mọ òǹkà, ohun téèyàn bá ti sọ fún un ló ń gbà. Ó ní iléèwé nìkan ò lè dá a ṣe.

"Ilé lẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, bàbá. Ẹ máa bá a ṣeré. Ẹ máa bi í ní nǹkan."

Mo fẹ́ sọ fún un. Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹ ṣé, mo padà sídìí búlọ́ọ̀kù.

Lẹ́yìn iléèwé, orí òkìtì yanrìn ló máa ń jókòó dè mí. Ọmọ mìíràn á gbẹ́ ẹ, á dà á sórí. Tiwa á kàn jókòó sí i. Nígbà tí Màmá tún wá, wọ́n rí i níbẹ̀, wọ́n ní ọmọ ò lè máa ti ibi tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ńtì dàgbà. Wọ́n ní àwọn á mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn. Mi ò bá wọn jiyàn. Kí ni kí n sọ? Ohun tí mo ní láti fún un, kò gbà á lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí a dé ibùdókọ̀, ọkọ̀ ò tíì kún. Ó jókòó sórí ẹsẹ̀ Màmá lẹ́bàá fèrèsé, mo dúró nísàlẹ̀. Màmá rọra sọ fún mi pé kí n ní mò ń bọ̀ lọ́la, kó má bàa sunkún lọ́nà. Wọ́n mọ̀ pé mi ò lè wá lọ́la. Adájọ́ náà mọ̀ ọ́n. Ó wà lórí yanrìn níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gá sọ pé ẹnikẹ́ni ò ní kúrò títí a ó fi kan òrùlé. Mo rò ó pé àṣìṣe yìí tóbi. Mo rò ó pé kò ní lè jẹ́ kó kọjá.

"Mò ń bọ̀ lọ́la."

Ó wò mí. Ètè ẹ̀ mì. Mo di etí fèrèsé ọkọ̀ mú, mo dúró.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi."

Mo ní màá fò wá ni, bí ẹyẹ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ìyá ẹ̀ wà nílé, wọ́n ń lọ aṣọ, wọ́n ń retí mi. Mi ò mọ bí ìyẹn ṣe jáde lẹ́nu mi. Màmá gbá mi lọ́wọ́ pé kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti dáhùn. Ohun kan náà ló sọ.

Ọkọ̀ kún. Bó ṣe ń yí jáde, obìnrin kan tó jókòó tì wọ́n ń yin ọmọ náà fún Màmá. Ó ní irú ọmọ tó gbọ́ràn báyìí, ó ṣọ̀wọ́n.